Irin Kò Gbédè Pákó

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi bá pákó sọ̀rọ̀ ní Ìjọ̀kà.
Mo mọ ìró ìrókò tó ti gbẹ,
mo mọ òórùn ọ̀mọ̀ tí omi ṣì wà lára rẹ̀.
Ọjọ́ tí ṣísẹ́ẹ̀lì mi kán sínú férémù ilẹ̀kùn Alàgbà Olúwátúyì
ni mo búra pé n ó rọ òmíràn fúnra mi.
Ìbídùn wò mí títí. Ó ní, "Pẹ̀lú kí ni?"

Pẹ̀lú ríìmù lọ́ọ̀rì tó ti dípẹtà.
Amọ̀ etí Odò Àlà ni mo fi rẹ́ inú rẹ̀,
mo po eérú mọ́ ọn, mo po iyanrìn,
mo ti páìpù bẹ́ẹ̀dì àlòkù bọ̀ ọ́ nídìí.
Kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fi ń lọ sóko Ìlárá,
táyà rẹ̀ ti jẹrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yí:
òun ni mo so mọ́ fáànù kékeré.
Ìkéolúwa gùn ún, ó ń wa kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kan,
afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fìì, fìì,
èédú ń ṣẹ́jú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Òkúta tí mo gbé lọ́nà Ìdànrè ni mo kọ́kọ́ fi ṣe owú.
Ìgbóná irin kàn án, ó là sí méjì,
èérún rẹ̀ fò kọjá létí mi.
Adìyẹ Ìyá Adéwùmí sá, kò padà títí di alẹ́.
N kò sọ fún Ìbídùn.
Ìdajì ẹ́ńjìnnì tó ti kú ni mo wá yí síbẹ̀.

Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ni mo fi sínú iná.
Ó dúdú. Ó dúdú síbẹ̀.
Ẹnì kan kí mi lójú ọ̀nà, mo yíjú dá a lóhùn,
kí n tó yíjú padà, ìràwọ̀ ti ń ta jáde lẹ́nu irin.
Mo rò pé iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn,
àṣé ó ń jóná ni, bí àgbàdo tí ọmọ gbàgbé sórí èédú.

Ìkejì, mo tètè yọ ọ́. Kàn, kàn, kàn,
ọwọ́ mi ń fò, irin dùbúlẹ̀, ó ń wò mí.
Pákó, tó o bá ti fá a kúrò, ó kúrò náà nìyẹn.
Irin, o lù ú níhìn-ín, ó yọ lọ́hùn-ún,
bí ẹni tó ń yẹra fún gbèsè.
Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan
ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.
Èmi tí mo lu ojú kan títí oòrùn fi kan àtàrí,
ojú yẹn nìkan ni òòlù mi mọ̀ ọ́n bà.
Ó yẹ kó rọ̀ kí n tó rọ ọ́,
ó yẹ kí n rò ó kí n tó ní n ó rọ ọ́.

Ìkẹta ló jọ nǹkan.
Mo tì í bọ omi, ó pariwo ṣàà,
inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ òsì gbá ibi tí n kò gbọdọ̀ gbá mú.
Àpá rẹ̀ nìyí. Ó rí bí ewé ẹ̀wà.

Mo gbé e tọ Bàbá Akíndùrò lọ ní Òkè-Àró,
tí ẹwìrì rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú.
Ó fi èékánná ta á, ó tẹ́tí.
"Kí lo pe èyí, ọma mi?"
Mo ní ṣísẹ́ẹ̀lì ni.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
"Rọ́ọ̀dù kò nínú.
Rì í sómi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bọ́tà ni yóò máa gé.
Wá sípíríìn ọkọ̀ lọ, èyí tó ti ru ẹrù, tó ti bínú rí."
Ó ní kí n fi irin náà sílẹ̀ fún òun,
kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.
Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, ẹ̀kọ dé ìgúnpá mi.

Ilẹ̀kùn Alàgbà ṣì fara ti ògiri.
Sípíríìn kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Òyèmẹ́kùn,
ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni.
Mo ti ná an dé ẹgbẹ̀rún méjì.